Iye Tí Sẹ̀gilọlá Pè Lọ́jọ́ Ìkórè

Ẹni tó bá ti jókòó ti gbàǹjo ìkórè rí mọ̀ pé ọjà ọjọ́ náà kì í ṣe ọjà. Iṣu kan tí èèyàn á ná ní ẹgbẹ̀rún méjì ní Bódìjà lánàá, wọ́n á gbé e sókè níwájú ìjọ lónìí, àgbà kan á sì pè é ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún láìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Iṣu kọ́ ló ń rà. Bóyá ọmọ rẹ̀ ló rí iṣẹ́, bóyá àyẹ̀wò dókítà ló jáde sí rere, bóyá ẹni tí wọ́n jọ ń bára wọn díje ló pe ogún, tí kò sì fẹ́ kó borí òun. Gbogbo ìjọ mọ èyí. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àlàyé tí Bàbá Májẹ́kódùnmí lè ṣe tó máa wọ etí, bó tilẹ̀ fi àárọ̀ ṣe é dalẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá ni ìkórè ìjọ Àládúrà wọn ní Baṣọ̀run. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ Sẹ̀gilọlá pé ogójì ọjọ́ láyé. Ọdún mẹ́sàn-án ni Sẹ̀gilọlá fi wá ọmọ. Ó gbààwẹ̀, ó gun òkè àdúrà, ó mu omi ìyàsímímọ́ títí ó fi mọ ìyàtọ̀ láàárín omi kànga kan àti òmíràn. Nígbà tí ọmọ wá dé, wọ́n sọ ọ́ ní Olúwafikúnayọ̀mi. Lẹ́yìn wòlíì, Bàbá Májẹ́kódùnmí ló kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́.

Kì í ṣe àgbà ìjọ nìkan ni bàbá yìí jẹ́ sí i. Òun ni ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Òun ló gbà á síṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé tí kò mọ ẹnì kankan, òun ló san owó ìdánwò tó fi di olùṣírò owó, òun ló sì dúró bíi bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nítorí pé bàbá tó bí i ti kú. Dádì ni Sẹ̀gilọlá ń pè é, kì í sì í ṣe ẹnu lásán.

Ilé-iṣẹ́ tí bàbá yìí dá sílẹ̀ wà ní Dùgbẹ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí èèyàn ti lè rí Ilé Kòkó lójú fèrèsé. Àpò Àjọní ni wọ́n ń pè é. Àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn ará ìjọ ló ń kówó sínú rẹ̀, Àpò á wá fi owó náà ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Lọ́dọọdún, wọ́n á ṣírò iye tí gbogbo ohun tó wà nínú Àpò tó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdún. Iye inú ìwé yẹn ni ẹni tó bá ń wọlé fi ń ra ìpín tirẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó bá ń jáde. Bí iye yẹn bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó ń jáde ń kó owó ẹni tó ń wọlé lọ nìyẹn, láìgbé ìbọn, láìfọ́ ilẹ̀kùn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù Àpò ni mílíọ̀nù mẹ́wàá ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan tó ń sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì, lẹ́yìn Òjòó. Náírà mẹ́rin ni wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpín ilé-iṣẹ́ yìí kò sí ní ọjà ìdókòwò l'Ékòó. Kò sẹ́ni tó ń rà á, kò sẹ́ni tó ń tà á.

Lọ́jọ́ ìkórè ọ̀hún, lẹ́yìn tí wọ́n ti ta iṣu, àgùntàn àti kẹ́ẹ̀gì epo tán, Bàbá Májẹ́kódùnmí dìde, ó fa ìwé kan yọ nínú Bíbélì rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan ìpín ilé-iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ ni, tirẹ̀ gan-an, ó ní òun fi fún Ọlọ́run, kí wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Bébà ni wọ́n fẹ́ rà? Ẹnì kan pe ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, òmíràn pe mẹ́wàá nítorí ojú àgbà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta pe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá ti dìde tòun tọmọ lọ́wọ́.

"Ogójì ẹgbẹ̀rún!" Ó gbé ọmọ náà sókè. "Ogójì ọjọ́ lọmọ mi lò láyé! Ẹgbẹ̀rún kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan!"

Ìjọ hó yèè. Wọ́n lu agogo, wọ́n fò sókè, wòlíì ní kí wọ́n pariwo Halelúyà lẹ́ẹ̀méje. Màmá Olúkẹ́mi, ìyá tó bí Sẹ̀gilọlá, ń fi gèlè nu ojú lórí bẹ́ǹṣì àwọn àgbà obìnrin. Bàbá Májẹ́kódùnmí náà ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó pe akọ̀wé ìjọ, ó ní kó kọ rìsíìtì náà dáadáa: iye ìpín, iye owó, ọjọ́, àti iye èèyàn tó wà níbẹ̀. Sẹ̀gilọlá rò pé ètò ni bàbá fẹ́ràn.

Lóṣù Kejìlá, bàbá pè é lórí fóònù. Ó ní kó má yára padà síṣẹ́, kó jókòó ti ọmọ rẹ̀ títí di oṣù kẹrin, owó oṣù rẹ̀ á máa wọlé.

"Ìwé ọdún ńkọ́, Dádì?"

"Àwa náà á gbìyànjú. Ṣé ìwọ nìkan lo mọ ìṣirò ni?"

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ dúpẹ́ nínú yàrá, bí ẹni pé wọ́n ń rí i lórí fóònù. Ọ̀gá wo ló tún ń ṣe irú èyí fún òṣìṣẹ́ láyé ìsinsìnyí?

Lóṣù Kìíní, ìjọba san owó ìfẹ̀yìntì Màmá Olúkẹ́mi, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tó ti fi ipò ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́ta ni. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó tó rí i. Ó ní ilẹ̀ kékeré kan l'Ójòó tó ti kó búlọ́ọ̀kù sí. Ó fẹ́ kọ́ yàrá méjì sí i tí yóò máa gbowó ilé lórí wọn, kó má baà máa wo ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun. Kò fẹ́ kí owó náà jókòó lásán kó tó rí bíríkìlà tó dáa. Sẹ̀gilọlá bẹ̀ ẹ́.

"Mọ́mì, ẹ má fi síbì kankan o. Ẹ jẹ́ kí n padà síṣẹ́ ná, kí n bá yín wò ó."

"Mo gbọ́," ni màmá wí.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lóṣù kẹrin, Sẹ̀gilọlá padà sí Dùgbẹ̀. Mùtíátù, ọmọbìnrin tó ń bójú tó fáìlì, dì mọ́ ọn, ó béèrè ọmọ, ó sì gbé ìwé ọdún tuntun síwájú rẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀dítọ̀ kan láti Challenge, tó ń yẹ ìṣirò owó wò, ti fọwọ́ sí i. Sẹ̀gilọlá ṣí i lọ tààrà síbi ìpín ẹ̀gẹ́, bí ìyá tó dé láti ìrìn àjò ṣe máa ń kọ́kọ́ wo ìkòkò.

Òfin iṣẹ́ wọn lórí irú nǹkan báyìí kò le. Iye ohun kan ni iye tí àjèjì tí kò jẹ ọ́ lóore, tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú, tí ó sì mọ ohun tó ń rà, máa san lé e lónìí lójú ọjà. Kì í ṣe iye tí o rà á, kì í ṣe iye tí o ń gbàdúrà pé kó tó. Bí ọjà gbangba bá wà fún un, ọjà ni kí o tẹ̀lé. Ìpele kìíní nìyẹn. Bí kò bá sí, wo ohun tó jọ ọ́. Bí ìyẹn náà kò bá sí, fi ọpọlọ ara rẹ ṣírò, ìpele kẹta nìyẹn, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ tú gbogbo bí o ṣe ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé, kí ẹni tó ń kà á lè bá ọ jiyàn. Ọdún mẹ́rin ni Sẹ̀gilọlá ti ń kọ ojú ìwé méjì lórí ìpín yìí nìkan: iye ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀, ìgbà tí èrè lè dé, àti ìdí tí òun fi dín iye rẹ̀ kù nítorí pé kì í yá tà. Náírà mẹ́rin àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ló máa ń já sí. Iṣẹ́ yẹn kò dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń fi yangàn.

Lọ́dún yìí, ìlà kan péré ló wà níbẹ̀.

"Ìpín ilé-iṣẹ́ ẹ̀gẹ́: ogójì náírà. Ìpele kìíní. Ẹ̀rí: títà ní gbangba, níwájú èèyàn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún."

Ohun tí ó jẹ́ ogójì mílíọ̀nù lánàá ti di irínwó mílíọ̀nù. Nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹni tó ṣe ìṣirò: Sẹ̀gilọlá Ògúntúndé."

"Mùtíátù, níbo ni wọ́n ti rí ẹni ra ìpín ẹ̀gẹ́ ní ogójì náírà?"

Mùtíátù wò ó bí ẹni tó ń ṣàwàdà. "Àǹtí, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ rà á ni? Rìsíìtì yín wà nínú fáìlì. Bàbá ní ẹ̀yin lẹ pe iye yẹn fúnra yín ní gbàǹjo. Mo rò pé gbàǹjo báńkì ni."

Mùsùlùmí ni Mùtíátù, kò dé ibi ìkórè rí, kò sì jẹ̀bi. Ó mú rìsíìtì jáde. Èdìdì ìjọ wà lórí rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan ìpín, ogójì ẹgbẹ̀rún náírà, ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù kọkànlá. Kò sí ìkórè lórí rẹ̀, kò sí ọmọ lórí rẹ̀, kò sí ọdún mẹ́sàn-án lórí rẹ̀. Sẹ̀gilọlá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wàrà ń dà lọ́mú rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, kò sì mọ̀.

"Ta ló ti jáde nínú Àpò látìgbà tí ìwé yìí ti jáde?"

"Ẹyọ ẹnì kan. Bàbá. Ọgọ́ta mílíọ̀nù. A ta àwọn ìpín tó ṣeé tà l'Ékòó, a fi owó àwọn tó ń wọlé kún un."

"Àwọn wo ló wọlé?"

Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé náà. Èyí tó ṣe ìkọkàndínlógún ni Olúkẹ́mi Adéróunmú, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Mílíọ̀nù mẹ́ta.

Yorùbá ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́; ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Sẹ̀gilọlá ti gbọ́ òwe yìí láìmọye ìgbà, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ ta á lójú. Ó wọlé tọ bàbá lọ láì kan ilẹ̀kùn. Bàbá ń mu tíì.

"Ìyá Fikúnayọ̀mi! Káàbọ̀. Ọmọ ńkọ́?"

"Dádì, ìkórè ni. Ẹ mọ̀ pé ìkórè ni."

Bàbá gbé ife tíì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò bi í léèrè ohun tó ń sọ. "Gbàǹjo ni. Ṣé èèyàn kò pọ̀ níbẹ̀? Ṣé ẹnì kan na ìbọn sí ọ?"

"Ọpẹ́ ni mo ń dú! Ogójì ọjọ́ ọmọ ni mo pè, n kò pe iye ìpín."

"Òfin kì í béèrè ohun tó wà lọ́kàn olùrà. Ọ̀dítọ̀ rí rìsíìtì, ó fọwọ́ sí i. Ìwọ lo kọ́ mi pé ẹ̀rí ló ṣe pàtàkì."

"Ẹ ní kí n jókòó sílé. Èmi ń kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ẹ fi orúkọ mi sábẹ́ ohun tí n kò rí. Ẹ sì gba owó ìyá mi."

"Ìyá rẹ ló fẹ́ wọlé fúnra rẹ̀." Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Sátidé ni ìpàdé ọdún. Ìwọ lo máa ka ojú ìwé yẹn fún wọn, bí o ṣe máa ń ṣe. Ọmọ mi, rò ó dáadáa o. Bí o bá sọ pé iye yẹn kì í ṣe òtítọ́, ò ń sọ fún Ọlọ́run pé ọpẹ́ rẹ kì í ṣe òtítọ́ nìyẹn."

Nínú gbogbo ohun tó ṣe, ọ̀rọ̀ yìí ló dun Sẹ̀gilọlá jù. Owó ni owó, wọ́n ti ń jí i látijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa bọ́ sí àárín ìwọ àti Ọlọ́run rẹ, kó bá ọ ṣí ìdì ọpẹ́ rẹ, kó yọ ohun tó fẹ́ níbẹ̀, kó tún fi ìyókù dẹ́rù bà ọ́, kí ni kí á pe ìyẹn? Ó yọ ejìká rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ bàbá, ó sì jáde.

Lọ́jọ́rú ó lọ sí ilé màmá ní Bódìjà láti sọ ọ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà jọ nínú ọkọ̀. Màmá ti kó aṣọ lé orí ibùsùn, ó ń yan èyí tó máa wọ̀ lọ sí ìpàdé. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu ni, àmọ́ n kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ti wọ Àpò yín! Bàbá Májẹ́kódùnmí ló wá síbí. Ó ní ìpín ẹ̀gẹ́ ti di ogójì. Èmi náà kò gọ̀, mo bi í pé iye ìkórè ha ni iye bí? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ti ẹlòmíràn lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló ń tọ́jú ìwé ilé-iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ yẹn? Ṣé Sẹ̀gilọlá tó mọ inú rẹ̀ tó mọ òde rẹ̀ máa pe ohun tó tó mẹ́rin ní ogójì? Ó wá ṣí ìwé, ó fi orúkọ rẹ hàn mí nísàlẹ̀. Mo ní, ó tán. Ẹni tí mo ń dúró dè kó bá mi wò ó ti wò ó."

Sẹ̀gilọlá jókòó sí etí ibùsùn, láàárín àwọn aṣọ.

"Ó ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu, pé ò ń tọ́mọ," ni màmá wí, ó sì gbé aṣọ aláwọ̀ ewé kan mọ́ra. "Ṣé eléyìí ni, àbí ti léèsì?"

"Ti léèsì, mà," ni Sẹ̀gilọlá wí. Ó bá a ká ìyókù aṣọ, ó sì padà sílé láìsọ ohun tó bá wá. Ẹni tó bá máa dá a lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ dúró síwájú ìyá tirẹ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn tí wọ́n gbà ní Ring Road kún. Fáànù ń yí, atẹ́gùn kò sí. Màmá Olúkẹ́mi jókòó síwájú pátápátá nínú léèsì rẹ̀, ìwé ọdún wà lórí itan rẹ̀. Bàbá Májẹ́kódùnmí jókòó sí tábìlì gíga. Nígbà tó kan ìpín ẹ̀gẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ọmọ òun wá kà á.

Sẹ̀gilọlá gba gbohùngbohùn. Kò ṣí ìwé. Ó mú bébà kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sókè.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹgbẹ̀rún kan ìpín ilé-iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ rèé. Èmi ni mo rà á lọ́jọ́ ìkórè ní Baṣọ̀run, ogójì ẹgbẹ̀rún ni mo san. Ìwé yín sọ pé ogójì náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí èmi. Lónìí mo fẹ́ tà á. Kò sí ti Ọlọ́run ńbẹ̀ o, kò sí ti ọmọ ńbẹ̀. Ọjà ni. Ta ló máa rà á ní ogójì?"

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni.

"Ọgbọ̀n náírà ńkọ́? Ogún?"

"Sẹ̀gilọlá," ni bàbá wí nínú gbohùngbohùn tirẹ̀, "èyí kì í ṣe..."

"Mẹ́wàá? Ẹ̀yin tí ẹ ní i nínú ìwé ní ogójì, ẹ ò ní rà á ní mẹ́wàá?"

Bàbá Májẹ́kódùnmí rí ojú àwọn èèyàn. Ó rí i pé bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn bá pẹ́ sí i, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ó dìde, ó fọwọ́ sọ àyà. "Èmi á rà á! Ogójì ẹgbẹ̀rún, lójú ẹsẹ̀!" Ó ti ń tú owó jáde nínú àpò. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. Bàbá John ni wọ́n ń pè é, ó ń ta èèlò ọkọ̀ l'Ójòó, òun náà ti wọlé lóṣù tó kọjá. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra tèmi náà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ra tèmi," ni obìnrin kan wí.

"Tèmi náà, Bàbá! Ogójì náà ni mo fẹ́!"

Gbogbo gbọ̀ngàn ti dìde. Ìwé ń fẹ́ lófurufú. Bàbá Májẹ́kódùnmí dúró tòun ti owó lọ́wọ́, ogójì ẹgbẹ̀rún níwájú irínwó mílíọ̀nù. Ó wò ó, ó jókòó. Bó ṣe jókòó yẹn, gbogbo ènìyàn mọ iye.

Bàbá John kò jókòó ní tirẹ̀. Ó ní kí Sẹ̀gilọlá dá òun lóhùn bí òǹtajà. Ṣé ilé-iṣẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́? Oṣù méje nínú méjìlá. Ṣé ó ti pín èrè rí? Ẹ̀ẹ̀kan, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ọmọ òun bá ṣàìsàn lọ́la, ṣé òun lè tà á? Rárá o. Bàbá John ro ó, ó họ orí.

"Náírà mẹ́ta ààbọ̀," ló wí. "Kí Ọlọ́run má fi jẹ mí níyà."

Sẹ̀gilọlá kọ ọ́ sílẹ̀. Látọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò tíì gbọ́ iye tó jẹ́ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó wá ìyá rẹ̀ lójú. Màmá Olúkẹ́mi nìkan ni kò dìde nínú gbogbo gbọ̀ngàn. Ó ń wo ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, níbi tí orúkọ ọmọ rẹ̀ wà.

Wọ́n tún ìwé ṣe. Ojú ìwé méjì padà síbi tó yẹ, ìpele kẹta, náírà mẹ́ta ààbọ̀, tòun ti gbogbo àlàyé. Ọ̀dítọ̀ ará Challenge kò gbé fóònù mọ́. Bàbá Májẹ́kódùnmí lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ékòó, wọ́n ní fún ìtọ́jú ara. Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ ń sún un síwájú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí á máa gbàdúrà fún un, kí á má dá ni lẹ́jọ́. Àwọn kan kì í kí Sẹ̀gilọlá mọ́, wọ́n ní ó dójú ti àgbà. Mílíọ̀nù mẹ́ta Màmá Olúkẹ́mi kò pé irínwó ẹgbẹ̀rún mọ́. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ wà l'Ójòó, koríko ti bò ó.

Màmá kò bínú lójú. Ó ń gba ọmọ tọ́jú láràárọ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin fún un. Ìyẹn gan-an ló ń pa Sẹ̀gilọlá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Bódìjà, wọ́n jókòó sí fàràńdà, Fikúnayọ̀mi ń rá lórí ẹní láàárín wọn. Màmá ṣàdédé pè é bó ṣe máa ń pè é nígbà tó wà ní kíláàsì rẹ̀, tòun ti orúkọ bàbá tó bí i.

"Sẹ̀gilọlá Adéróunmú."

"Mà."

"Lọ́jọ́ ìkórè yẹn, nígbà tí o pe ogójì. Ṣé o mọ iye tó tó?"

"Mo mọ̀, mà. Mẹ́rin ni."

Màmá mi orí. Ó gbé ọmọ kúrò létí àtẹ̀gùn, ó gbé e lé itan, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀.

"Ọlọ́run ni mo ń pè é fún, Mọ́mì."

"Mo mọ̀," ni Màmá Olúkẹ́mi wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbọ́ ọ."